“Ẹ Máa Bọ̀” Ni Ọkọ Mi Ní Kí N Kọ

Nínú ojú ìwé yìí, ìtàn àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ẹ sábà máa ń kà. Èmi kọ́ ni wọ́n rẹ́ jẹ. Èmi ni mo rẹ́ ènìyàn jẹ. Ẹ lè bú mi tí ẹ bá kà á tán, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá gbé iṣẹ́ wọn wá láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀, èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí màá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa ló sọ mí ní Ìyá Alámì, orúkọ náà sì wù mí. Ojú mi kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, bí ojú ẹlòmíràn kì í ti í gba abọ́ tí wọn kò fọ̀.

Ọkọ mi ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọmọbìnrin méjì la bí. Ẹni tó kù nínú ìgbéyàwó wa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin.

Ẹ má bínú sí mi, bó ṣe rí lára mi ni mo sọ yẹn. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì kéré, Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ dàgbà. Wọn kò bímọ. Inú ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọléèwé, ní ìlú kékeré kan tí rélùwéè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Màmá ni àwọn ọmọ mi ń pè wọ́n. Mò ń lo “wọ́n” fún wọn nínú ìtàn yìí nítorí pé a kọ́ mi nílé. Bí ẹ bá mọ ohun tí mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi nígbà náà, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló ń fọhùn.

Tí Ẹ̀gbọ́n bá wá kí wa, ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣí kí wọ́n tó jókòó. Wọn á ní, “Ìyàwó, ọkọ rẹ rù o,” ọkùnrin tó jẹ́ pé ihò bẹ́líìtì rẹ̀ ti tán. Wọn á fi ìka nu orí fèrèsé mi, wọn á wo ìka náà, wọn kò sì ní sọ nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Èmi náà kì í sì í ṣe ẹni tí ń gba ẹ̀gbin kó gbàgbé. Ní ìgbà kan tí ara Kékeré, àbíkẹ́yìn wa, kò yá, Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ pé, “So fun omo mi ko ma sun.” Mo dìde láàárín pálọ̀, mo kà á sókè fún gbogbo ilé bó ṣe wù mí: “Sọ fún ọmọ mi kó má sùn.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín, kó tó rántí ẹni tó ń rín.

N kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo pe Ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, máa, a méjì ni. Má, a kan. Ẹ ti ní kí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá má sùn o.” Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín tó ń lọ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, “O ṣeun, tíṣà.”

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kọ a kan mọ́ níbi tó yẹ kó jẹ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a dé orí ìrìn-àjò wa. Èmi ni mo bí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń lá a lálàá pé kí a kó àwọn ọmọ lọ sí orílẹ̀-èdè tó wà lódìkejì ẹnubodè, níbi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, tí a kò gbọ́ èdè wọn, kí a kàn lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbé. Ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa, apá wa kò ká a. Ọkọ̀ ojú irin la lè wọ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà bí iṣẹ́. Mo mọ ọjọ́ tí owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń já wálẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá wọ ọkọ̀ tí yóò gbé wa sùn lójú ọ̀nà, a kò ní san owó ilé ìtura fún alẹ́ ọjọ́ náà. Mo rí yàrá kan tó ní ibi ìdáná lẹ́yìn ibùdókọ̀ wọn lọ́hùn-ún, kí a lè máa se oúnjẹ fúnra wa. Mo ní ẹsẹ̀ la ó máa fi rìn káàkiri, kò sí takisí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé. Ìwé kan ṣoṣo ni, owó kan náà ni, ó sì gba ènìyàn márùn-ún, orúkọ olórí ìdílé nìkan ni wọ́n ń kọ sí i. Òfin kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀: olórí ìdílé àti gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ jọ wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ sọ̀, kò sì sí owó tí ń padà. Mo ka òfin yẹn sókè fún ọkọ mi. Mo ní, “Ṣé o rí i? Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mẹ́rin la jẹ́. Àyè kan ṣẹ́ kù. Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ fi sí i, nítorí pé ó gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè wọn. Mo ti ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ nígbà tí ọkọ mi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní láti ìgbà èwe wọn ni Ẹ̀gbọ́n ti ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ẹnubodè bó ṣe ń sáré kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná, kò sì dúró fún wọn rí, torí ọkọ̀ náà kì í dúró ní ìlú kékeré. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò bi mí. Ó sọ fún mi ni.

Ẹ̀gbọ́n wá sílé wa kí a lè jọ ṣètò. Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì, mo ń ṣàlàyé, wọ́n ń ta kò mí. Mo ní orí ìjókòó la ó sùn. Wọ́n ní, “Bí àpò ìrẹsì?” Mo ní ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó sanwó bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àwọn ni àwọn máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Kékeré á sì jókòó lé àwọn lẹ́sẹ̀. Mo ní a ti pín ìjókòó. Wọ́n ní, “Tún un pín.”

Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí a ó máa fi rìn, wọn kò ta kò mí. Ó yà mí lẹ́nu. Àṣé wọ́n ti ra bàtà. Kánfáàsì funfun, olókùn. Àkọ́bí wa ló padà sọ fún mi pé Màmá ń wọ̀ ọ́ rìn yí pápá ilé ẹ̀kọ́ ká lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ́ ọn lára, kí wọ́n má bàa dá wa dúró lọ́nà. Èmi àti àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Àbúrò mi ní kí n má gbàgbé láti so fèrè mọ́ wọn lọ́rùn bíi ti tíṣà eré ìdárayá.

Ìkòkò ló dá ìjà sílẹ̀ gan-an. Wọ́n gbé ìkòkò kan wá, ìkòkò àtijọ́ tó wúwo, wọ́n ní òun la ó fi máa dáná lọ́hùn-ún. Mo ní yàrá tí mo gbà ní ìkòkò. Wọ́n ní àwọn kì í jẹun nínú ìkòkò tí àwọn kò mọ ẹni tó fi dáná kẹ́yìn. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù, wọ́n dá a padà. Mo tún yọ ọ́, mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì dún.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ìkòkò yìí ni mo fi se oúnjẹ fún ọkùnrin yìí títí ó fi di ọkọ. Ìwọ kàn bá a nílẹ̀ ni.”

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, “Kí ẹ kúkú ti mú un mọ́lẹ̀ nígbà náà, kí ẹ má fà á lé mi lọ́wọ́.”

Ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò wọn. Wọ́n ní, “Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n bá yín lọ, kó la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. N kò ní bi í nídìí. N kò sì ní bẹ̀ ẹ́.” Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n padà sí ìlú wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi sì bá mi jà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní kí n pè wọ́n kí n tọrọ àforíjì. Mo ní ta ni mo kọ́kọ́ bú? “Ìwọ kàn bá a nílẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń bá mi jẹun, ó ń bá mi sùn. Mo gbé ilé yìí ró pẹ̀lú ọkùnrin yẹn, ẹnì kan wá ń sọ fún mi pé mo bá a nílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò wa, mo wà níbi iṣẹ́, mò ń fi àmì sórí ìwé àwọn ọmọléèwé, ni ọkọ mi pè mí. Inú yàrá yìnyín ilé ìtajà ńlá kan ló wà, ohùn rẹ̀ ń já. Ó ní òun ń pe Ẹ̀gbọ́n kò wọlé. Ó ní kí n bá òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí wọ́n bá wa ní ibùdókọ̀ ńlá. Ó ní, “Ṣáà ti kọ ọ́ pé, ẹ máa bọ̀.”

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ohun gbogbo, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀: “Ẹ máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ó dára lójú. Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó lọ.

Ibẹ̀ ni Èṣù ti bá mi. Àbí kí n má parọ́ mọ́ Èṣù. Èmi ni.

Mo rántí bàtà funfun. Mo rántí “tún un pín.” Mo rántí ọkọ mi tó ń wo ilẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti fi í sí i. Ó ku “E maa bo, Egbon.” Mo wò ó. A kan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo pa á rẹ́.

“E ma bo, Egbon.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. N kò kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, n kò kọ ti ibùdókọ̀. Mo sọ fún ara mi pé n kò parọ́. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ báyẹn. Ẹni tó bá kà á sí òdì, òun ló kà á sí òdì. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo kọ ọ́ sí, mo sì mọ ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Kò pẹ́ tí èsì wọlé. “Mo ti gbo.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀, mo ní kó di ẹrù rẹ̀, kó má gbàgbé ìwé ìrìnnà rẹ̀, kó wá bí ẹni tó fẹ́ wá dágbére fún wa.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mo na fóònù sí i. Ó kà á sókè: “Ẹ máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ó ka èsì. Ó ní ó dára, ó sì lọ wẹ̀. Ó tún pe Ẹ̀gbọ́n kó tó sùn, fóònù wọn ti kú. Mo ní bóyá wọ́n ń tọ́jú bátìrì fún ọ̀nà. Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù lónìí nìyẹn, bó ṣe gbà mí gbọ́ wẹ́rẹ́.

Ní àárọ̀, ibùdókọ̀ kún fọ́fọ́. Ọkọ mi ń yọjú wo gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá wọlé. Ó ń pe fóònù, fóònù ò lọ. Àbúrò mi dé, ó dì mọ́ àwọn ọmọ, ó gbé àpò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi wo àpò náà. Ó ní, “Ṣé àpò ni wọ́n fi ń dágbére ni?” Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rín in.

Nígbà tí wọ́n ní kí a máa wọlé, ọkọ mi ní òun ò lọ, òun á dúró de Ẹ̀gbọ́n. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án. Mo ní bí ìwọ ò bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa wọlé, gbogbo owó wa sì ti ṣègbé. Mo ní àgbàlagbà ni wọ́n, bóyá ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ṣì wà nínú wọn, wọ́n yí ọkàn padà ni. Mo ní ká má jẹ́ kí àyè kan ṣòfò, ṣebí àbúrò mi wà ńbí. Àwọn ọmọ ti ń fà á láṣọ. Ó wọlé. Nígbà tí àbúrò mi yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó wò ó pẹ́.

Ọkọ̀ gbéra. Inú mi dùn, n kò ní tan yín. Mo pín búrẹ́dì àti ẹyin sísè. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́, mo na ẹsẹ̀. Mo ń wo igi tó ń sá sẹ́yìn, mo ń sọ fún ara mi pé ilé mi ti di tèmi.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀nà ìlú Ẹ̀gbọ́n la máa gbà. Mo mọ̀ ọ́n o, èmi ni mo ya ọ̀nà náà sórí máàpù. Mo kàn gbà pé a ó sáré kọjá ni, bí ọkọ̀ yẹn ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ò gbàgbé ní tiwọn. Bí wọ́n ṣe rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà lókèèrè, wọ́n gun orí mi dé ojú fèrèsé.

Kékeré ní, “Màmá rèé.”

Ẹ̀gbọ́n dúró létí ọgbà, lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n dá fún ìrìn-àjò náà ni wọ́n wọ̀, àti bàtà funfun yẹn. Wọ́n ń wo kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, wọ́n ń wá wa. Nígbà tí wọ́n rí ọwọ́ àwọn ọmọ, wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn sókè. A ti kọjá.

Kékeré ní, “Màmá wọ bàtà ìrìn-àjò. Kí ló dé tí wọn ò wọlé?”

Fóònù ọkọ mi dún, Ẹ̀gbọ́n ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta, kí àwọn ọmọ lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo rí yín. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re.”

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, a dúró dè yín títí. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò wá?”

“O ò mọ̀ ni? Ìyàwó ní kí n má bọ̀.”

“Rárá o. Ẹ máa bọ̀ ló kọ. Ó fi hàn mí, ojú mi ni mo fi kà á.”

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyàwó rẹ ló kọ́ mi. Máa, a méjì. Má, a kan. A kan ló kọ.” Wọ́n ní, “Mo ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbádùn ara wọn.” Wọ́n pa fóònù.

Ọkọ mi na ọwọ́. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo fi fóònù mi lé e lọ́wọ́, torí bí mo bá kọ̀ ọ́ gan-an, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn.

Ó fi àtàǹpàkò yí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ èmi àti Ẹ̀gbọ́n sókè, ó ń kà wọ́n. Ìkíni ni, iye ìrẹsì ni, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni. Àmì ló wà lórí gbogbo rẹ̀, àní lórí “ẹ káàárọ̀.” Ó yí i wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró.

Ó ní, “Àmì dà?”

Mo ní mo ń kánjú ni, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi.

Kò pariwo. Ó ní, “Nígbà tí o ń rọbí Kékeré, tí o ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì, o kọ̀wé sí mi láti ilé ìwòsàn pé kí n mú aṣọ wá. Mo ṣì ní i lórí fóònù mi. Àmì pé lórí rẹ̀. Kánjú wo ló ju ìyẹn lọ?”

Ó yíjú sí àbúrò mi. Ó béèrè ìgbà tí mo ní kó di ẹrù. Àbúrò mi wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Lánàá, lọ́sàn-án.” Bó ṣe tà mí nìyẹn, n kò sì lè bínú sí i, torí òótọ́ ni.

Ọkọ mi dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrù sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Ibùdókọ̀ kan ṣì kù kí a tó dé ẹnubodè. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ká lọ ná, ká dé kí a tó sọ ọ́. Mo ní ká wo ojú àwọn ọmọ. Ó ní, “Ìwọ wo ojú wọn.” Nígbà tí ọkọ̀ dúró, olùyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ọ̀nà, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé ni o, bí ẹnì kan bá ti sọ̀, gbogbo yín lẹ sọ̀, kò sì sí owó tí ń padà.

Ọkọ mi ní, “Mo mọ̀. Ìyàwó mi ti ka òfin rẹ̀ fún mi.”

A sọ̀. Àwọn ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n nà. Ọkọ̀ gbé ìjókòó wa márààrún lọ lófìfo. Láti ibi tí a dúró sí, a ń rí odò, a ń rí afárá, a sì ń rí òrùlé àwọn ilé tó wà lódìkejì. Orílẹ̀-èdè tí mo ti ń lá lálàá nìyẹn. Mo súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí aṣọ tí wọ́n sá. N kò tíì súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní.

Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí ń dúró níbi gbogbo la wọ̀ padà. Nígbà tí a dé ìlú Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi kó àwọn ọmọ, ó gbé ẹrù wọn. Mo dìde. Ó ní, “Ìwọ jókòó. Ibí yìí kọ́ lo ti ń sọ̀.” Ojú fèrèsé ni mo ti rí Kékeré tó ń sáré lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n gbé e, tí bàtà funfun yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Èmi àti àbúrò mi jà títí a fi délé. Ó ní mo ti fi òun ṣẹ̀sín lójú àna òun. Mo ní ta ló ní kó sọ ìgbà tó di ẹrù? Kò tíì pè mí láti ọjọ́ náà.

Ọkọ mi dá àwọn ọmọ padà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Kò lé mi, kò sì nà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, “Tún un sọ.” Mo máa tún un sọ. Á wá wojú mi, bí ẹni tó ń wá ohun tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún àkọ́bí wa pé kó máa kàwé, ọmọ náà dá mi lóhùn láìgbórí sókè, ó ní, “A mélòó, Mọ́mì?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

Mo ń pe Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í gbé e. Ọkọ mi ní wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Mo wá kọ̀wé sí wọn, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ sí wọn láti ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ yín, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa bọ̀ wá bẹ̀ yín?” Mo fi àmì sí i, mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ìwé tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni èsì dé.

“Ma bo.”

Kò sí àmì lórí rẹ̀. A kan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, a jẹ́ pé wọ́n ní kí n má bọ̀, ó sì tọ́ sí mi. Bí wọ́n bá ti padà sí bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé kí n tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójú àwọn ọmọ, a jẹ́ pé wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ báyẹn ni, kí èmi náà lè mọ bó ṣe ń rí. Mo gbé e fún ọkọ mi. Ó kà á nínú ara rẹ̀, ètè rẹ̀ kò mì, ó sì dá fóònù padà fún mi. Ó ní, “Ṣebí ìwọ ni Ìyá Alámì.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn. N kò béèrè ìmọ̀ràn. Ẹ kàn bá mi fi àmì sí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, torí iṣẹ́ mi kò ràn mí lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Kí ìwé yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, màá ti lọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ti ẹnì kan máa ń wọ́n tó báyìí.